Etí Lórí Ọ̀dà

Ọdún kẹta tí ojú bàbá mi fọ́
ni ọmọ Lójà wá yá Máyẹhùn,
owó nínú àpò ìwé, tuntun láti báǹkì.
Ọ̀la ni baba rẹ̀ ó jẹ oyè,
baba náà kò sì fẹ́ fi mọ́tò wọ Ẹrẹ́jà.

Bàbá mi ní kí owó ṣì dúró ná.
Ó jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé
létí títì Òkè-Ẹ̀ṣọ̀,
ó ní, "Dìjí, mú un rìn."

Mẹ́rin.
Ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún,
bí obìnrin mẹ́rin tó ń gúnyán nínú odó kan
tí ọmọ odó ẹnìkan ò kọ lu ti ẹnìkejì.
Bàbá mi ń fi ìka kà á sórí itan.
Kò rí nǹkan kan wí sí i.

Mẹ́ta náà wà, ṣùgbọ́n kò pè é:
ìró mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́,
ibi tí ẹṣin ti kúrò lórí ilẹ̀ pátápátá.
Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó ní, lòun ti fẹ́ràn ẹṣin.
Eré àsápajúdé ńkọ́? Kò gbà á lórí ọ̀dà láéláé.

"Jẹ́ kó sá díẹ̀. Má jẹ́ kó fò."
Méjì.
Iwájú ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì jọ balẹ̀,
iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún jọ balẹ̀,
kò-kò, kò-kò,
ọlọ́kadà kan dẹ eré rẹ̀, ó ń wòran.
Ọmọ Lójà rẹ́rìn-ín: "Ẹṣin yìí le bí irin."
Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní kí Dìjí tún un sá, kó má fa okùn le,
kó fi orí ẹṣin sílẹ̀ fún ẹṣin.
Kì í ṣe kò-kò mọ́ létí tirẹ̀.
Kò-ko ni. Kò-ko.
Ìró kan jókòó, ìkejì lóṣòó.

"Ìwọ tó o lójú, kí lorí rẹ̀ ń ṣe?"
Mo ní ó ń mi orí bí ẹni tó ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni.
"Ẹsẹ̀ wo ló balẹ̀ nígbà tó ní bẹ́ẹ̀ ni?"
Òsì, níwájú.
Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti gbá ẹsẹ̀ òsì mú
nígbà tó pòṣé.
Ẹgba ni Málà Ìdírísù fi kọ́ òun náà ní Sábó:
ẹsẹ̀ tó bá ń mi orí sí, ẹsẹ̀ tó gbẹ́kẹ̀ lé ni.
Èyí tó ń dùn ún, orí á sá fún un, á lọ sókè.

Mo gbé ọ̀tún. Mo fi ìkọ́ ha pátákò.
Òkúta títì kan, kò tó ẹ̀wà,
ó dákẹ́ síbi tó rọ̀ jù,
ibẹ̀ sì gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà mú.

Ọmọ Lójà ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni,
láti Ìsọ̀kun dé Ẹrẹ́jà, kí ni gbogbo rẹ̀?
Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e.
Bàbá mi ní, "Ẹni tó wà lókè kọ́ ló ń tẹlẹ̀."
Owó padà sínú àpò ìwé.
Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin ẹlẹ́ṣin gbé olóyè kọjá níwájú ilé wa,
bàbá mi kà á, ó ní mẹ́rin, ó ní ó dára.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná ti lọ,
màmá mi ń pọn omi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.
Láti bí oṣù mẹ́ta, bí a bá bi í pé ṣé ara le,
á mi orí, á ní, bẹ́ẹ̀ ni.
Bàbá mi gé ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ lójijì.
Sálúbàtà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀: pà, pa. Pà, pa.
"Ìbírónkẹ́," ó ní, "gbé korobá yẹn kalẹ̀.
Orúnkún wo ni?"